Ta ló mọ ìtàn géèmù ìlù àwọn ará Japan, Taiko no Tatsujin? Mo fẹ́ gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Àkúrẹ́

Ọmọ_Ìjàpó kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù géèmù kékeré kan nítòsí South Gate FUTA. PS4 wà níbẹ̀, PS5 wà níbẹ̀, bẹ́ǹṣì wà fún àwọn tó ń dúró de ti wọn. Bọ́ọ̀lù ni gbogbo wọn ń gbá, Tekken ló tẹ̀lé e. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé ọkùnrin nìkan ni mò ń rí. Bí ọmọbìnrin kan bá tẹ̀lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá, á jókòó ti fóònù rẹ̀ ni, á máa dúró kí wọ́n parí kí wọ́n jọ máa lọ.

Oníbàárà kan wá fi fídíò kan hàn mí. Ìyá àgbà kan ní Japan dúró síwájú ẹ̀rọ géèmù kan tí ìlù ńlá méjì wà lára rẹ̀, ọmọ kékeré kan dúró tì í, àwọn méjèèjì ń lù ú tẹ̀lé orin, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Taiko no Tatsujin lorúkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti lè gbé e kúrò lọ́kàn.

Báwo ni géèmù yìí ṣe bẹ̀rẹ̀? Kí ló jẹ́ kó pẹ́ tó báyìí, nígbà tí ẹní ijó tí à ń so mọ́ PS2 ti wọlẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa? Èwo nínú rẹ̀ ni mo lè rà? Mi ò fẹ́ kówó lé ohun tó máa kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lóye.

---

Bàbá_Wándé kọ:

Àbúrò, inú mi dùn sí èrò rẹ, ṣùgbọ́n fara balẹ̀ o. Bọ́ọ̀lù ló ń san owó ilé àti owó epo jẹnẹrétọ̀. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìjọ̀kà tẹ́lẹ̀, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Má gbé owó bọ́ọ̀lù lọ ra ohun tí o kò tíì dán wò. Ọmọ_Àyàn_Oǹdó ti gbé Japan rí, mo máa ń rí ohun tó ń kọ níbí. Ẹ bá wa pè é.

---

Ọmọ_Àyàn_Oǹdó kọ:

Mo ti dé o. Ẹ ṣeun, Bàbá Wándé.

Àbúrò, o béèrè ohun tí mo lè sọ láti àárọ̀ di alẹ́. Ilé onílù ni wọ́n bí mi sí ní Oǹdó. Bàbá mi ń lu ìyáàlù, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń lu omele, èmi ń gbọn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Bí mo bá gbé ìlù kọ́ èjìká báyìí, ẹnìkan á ti gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n á ní kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin. Ìwé ló gbé mi dé Osaka. Lẹ́nu ọ̀nà ilé géèmù kan lẹ́bàá ibùdó rélùwéè ni mo ti rí ẹ̀rọ náà. Mo sọ owó ẹyọ yen 100 sínú rẹ̀, mo mú ọ̀pá méjì tó wà lára rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ọmọ ta ni mí, kò sẹ́ni tó gba ọ̀pá lọ́wọ́ mi. Nítorí náà, bí mo bá ń sọ ìtàn rẹ̀, mi ò sọ ọ́ bí ẹni tó dúró lókèèrè.

Kí ìlù yìí tó dé, géèmù olórin ti gba ìgboro ní Japan. Lọ́dún 1996, PaRappa the Rapper jáde lórí PlayStation, ajá kékeré kan ló ń kọ rap nínú rẹ̀. Nígbà tó máa fi di ìparí 1997, ilé iṣẹ́ géèmù kan, Konami, ti gbé beatmania sí àwọn ilé géèmù: bọ́tìnì márùn-ún, pẹ̀lú àwo kan tí wà á máa fọwọ́ yí bíi ti DJ. Lọ́dún 1998 ni wọ́n ṣe Dance Dance Revolution, ìyẹn ẹní ijó tí o sọ yẹn, ọfà mẹ́rin tí èèyàn ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Lọ́dún 1999 ni DrumMania dé, dírọ́ọ̀mù òyìnbó oníná ni wọ́n tò síwájú ẹ̀rọ. Mo fẹ́ràn gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tó já fáfá ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò yá, ẹ̀yìn ló máa dúró sí, tí á máa wòran.

Namco ló wá fọ ògiri yẹn. O mọ Namco dáadáa: àwọn ló ṣe Pac-Man lọ́dún 1980, àwọn náà ló ni Tekken tó ń pawó fún ọ. Ní oṣù kejì ọdún 2001 ni wọ́n gbé Taiko no Tatsujin àkọ́kọ́ sí ilé géèmù. Wọn ò wá ohun àjèjì kankan. Ìlù ìbílẹ̀ wọn ni wọ́n gbé síwájú ẹ̀rọ, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí èèyàn méjì lè jọ lù ú. Ìlù yìí ni wọ́n ń lù lójú agbo ijó Bon nígbà ooru, kò sí ọmọ Japan tí kò gbọ́ ọ rí láti kékeré. Ìyá àgbà tí kò mọ páàdì dì mú mọ bí wọ́n ṣe ń di ọ̀pá ìlù mú.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Orin á bẹ̀rẹ̀, àwọn àmì róbótó á máa ti apá ọ̀tún ẹ̀rọ rìn bọ̀ wá sí apá òsì, níbi tí òrùka kan wà. Bí àmì pupa bá wọ inú òrùka náà, awọ ìlù ni wà á lù, "don" ni wọ́n ń pè é. Bó bá jẹ́ búlúù, etí ìlù ni wà á lù, wọ́n ń pe ìyẹn ní "ka". Àmì tó bá tóbi fẹ́ ọwọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó gùn, tó yẹ́lò, wà á máa rọ òjò ìlù lé e títí á fi kọjá. Bàlúùnù náà wà, tí wà á lù títí á fi bẹ́. Mo ti sọ gbogbo òfin rẹ̀ fún ọ tán nìyẹn. Ìlù méjì tó ń rẹ́rìn-ín lojú ẹ̀rọ náà lórúkọ: Don lojú rẹ̀ pupa, Katsu lojú rẹ̀ jẹ́ búlúù. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn wọn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Wàyí o, ibi tí mo fẹ́ kí o fiyè sí jù ni àwọn ìpele rẹ̀. Orin kan náà wà ní Kantan (tó rọrùn), ní Futsuu (tó wà déédéé), ní Muzukashii (tó le) àti ní Oni (tó le jù). Ní Kantan, ọmọ tí kò tíì wọ ilé ìwé lè lù ú dé òpin, inú rẹ̀ á sì dùn. Ní Oni, orin kan wà tí Linda AI-CUE ṣe, Saitama 2000, mo ti rí ọkùnrin tó bọ́ aṣọ òkè rẹ̀ kó tó dojú kọ ọ́. Ọmọdé yẹn àti ọkùnrin yẹn, ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n ń lù. Àwọn méjì lè dúró sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ọ̀kan máa lu Kantan kí èkejì máa lu Oni, orin kan náà, ìṣẹ́jú kan náà. Èmi ò tíì rí géèmù mìíràn tí àgbà àti ọmọdé ti ń jókòó sídìí àwo kan náà báyìí láìsí pé ọ̀kan ń ṣàánú èkejì.

Àwọn orin rẹ̀ ńkọ́? Orin tó wà nígboro Japan lásìkò náà, orin àwọn àwòrán ọmọdé, orin àwọn àtijọ́ Yúróòpù bíi Carmen, orin inú géèmù Namco fúnra wọn. Ẹni tó bá wọlé, kò sí bí kò ṣe ní rí orin tó mọ̀. Àwọn tó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n nídìí rẹ̀ ń pe ara wọn ní Donder. Àwọn mìíràn nínú wọn kì í lo ọ̀pá tó wà lára ẹ̀rọ, wọ́n ń gbé tiwọn wá láti ilé nínú àpò, wọ́n á ti fá a kó lè tẹ́ wọn lọ́wọ́ lọ́rùn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí ìyẹn, mo rántí bàbá mi, torí pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan kọ̀ǹgọ́ rẹ̀.

Ọdún 2002 ni géèmù náà wọ inú ilé, lórí PS2, pẹ̀lú ìlù kékeré oníke kan tí wọ́n ń pè ní Tatacon. Lọ́dún 2004 wọ́n gbé e lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n pè é ní Taiko: Drum Master, wọ́n kó orin tí àwọn ará ibẹ̀ mọ̀ sínú rẹ̀. Kò rìn jìnnà níbẹ̀. Ọdún 2018 ni wọ́n tó tún gbé e padà fún wọn, lórí Nintendo Switch àti PS4. Láàárín ìgbà yẹn, ní Japan, ó dé orí PSP, DS àti Wii. Bandai àti Namco ti di ọ̀kan lọ́dún 2005. Ẹ̀dà ilé géèmù ń ka nọ́ńbà lọ títí ó fi dé 14. Lọ́dún 2011 wọ́n pa nọ́ńbà tì, wọ́n gbé ẹ̀rọ tuntun dé tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere, tí wọ́n sì ń ti orí íntánẹ́ẹ̀tì fi orin tuntun ránṣẹ́ sí i. Ẹni tó ni ilé géèmù kò nílò láti ra ẹ̀rọ tuntun lọ́dọọdún mọ́. Ìwọ tó o ní ṣọ́ọ̀bù, o mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún àpò.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé dẹ̀dẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ rọ̀ wọ́n. Owó ẹyọ yen 100 ni wọ́n fi ń gbá géèmù níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ìjọba gbé owó orí ọjà láti ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún sí 8 lọ́dún 2014, ó di 10 lọ́dún 2019. Owó ẹyọ tí oníbàárà ń sọ sínú ẹ̀rọ kò lè pọ̀ sí i. Èrè onílé géèmù ló ń tán. Kòrónà wá dé lé e lórí. Sega fúnra rẹ̀, tí gbogbo ayé mọ̀, ta ìpín tó pọ̀ jù nínú àwọn ilé géèmù rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Genda lọ́dún 2020, nígbà tó sì di 2022, wọ́n ti ń yọ orúkọ Sega kúrò lára ilé, wọ́n ń kọ GiGO sí i. Nínú gbogbo wàhálà yẹn, ìlù wà lẹ́nu ọ̀nà. Òun ni wọ́n sábà máa ń gbé síbi tí ẹni tó ń kọjá lọ á ti gbọ́ ọ, torí pé ó ń pe èèyàn.

Ti ẹní ijó, kò kú lọ́dọ̀ wọn. Konami gbé tuntun jáde lọ́dún 2024. Ohun tó pa á níbí ni pé ike pẹlẹbẹ ni wọ́n tà fún wa. Kì í pẹ́ tí á fi ya, kò sì sẹ́ni tó ń tún un ṣe.

Èyí tí o lè rà: ẹ̀dà Taiko no Tatsujin tí wọ́n ń pè ní Rhythm Festival. Ó kọ́kọ́ jáde lórí Switch lọ́dún 2022, ó sì dé orí PS5, Xbox àti kọ̀ǹpútà ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. PS5 rẹ á gbà á.

---

Onílù_Arákálẹ̀ kọ:

Mo kí yín o, mà. Ẹ ti sọ̀rọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ó dùn mí díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Èmi ń lu dùndún níbi ìnáwó káàkiri Àkúrẹ́, láti Ọjà Ọba dé Alágbàká. Dùndún ń sọ̀rọ̀. Mo lè fi kí ọba, mo lè fi ki ènìyàn, mo lè fi pe olówó kó máa bọ̀. Ìlù tó jẹ́ ohùn méjì péré, pupa àti búlúù, kí ni ọmọ wa máa rí kọ́ níbẹ̀? Àwọn ọmọ tí a bí sílé ìlù gan-an kò fẹ́ kọ́ ọ mọ́. Bí a bá tún gbé ìlù Japan fún wọn, ìgbà wo ni wọ́n máa gbé tiwa?

---

Ọmọ_Àyàn_Oǹdó kọ:

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, torí pé bàbá mi náà á sọ bẹ́ẹ̀.

Òótọ́ ni pé kò ń sọ̀rọ̀ bíi dùndún. Ṣùgbọ́n ẹ wo bàtá. Ojú ńlá rẹ̀ ní ohùn tirẹ̀, ṣáṣá ní ohùn tirẹ̀, ọwọ́ kan ń dá èkejì lóhùn. Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà lé onílù lọ́wọ́, ẹ̀yin náà mọ̀ pé wọn kì í gbé ìyáàlù fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Omele ni. Ohùn kan náà ni á máa lù, á máa lù ú, títí àsìkò á fi wọ inú eegun rẹ̀. Àsìkò yẹn ni géèmù yìí ń kọ́ èèyàn, kò ju ìyẹn lọ, kò sì dín. Ọmọ tó bá lè lu Muzukashii láìṣìnà, ẹ fún un ní gúdúgúdú, kò ní da orin yín rú.

Èyí tó kan mí jù ni àwọn ọmọbìnrin tí àbúrò sọ, tí wọ́n ń jókòó ti fóònù. Èmi ni wọ́n jẹ́ nígbà kan. Ní Osaka, mo dúró sídìí ẹ̀rọ yẹn, ìyá kan tí mi ò mọ̀ rí mú ọ̀pá kejì, ó fi ojú bi mí bóyá òun lè dara pọ̀, a lu orin mẹ́ta pa pọ̀, ó tẹ orí ba fún mi, ó lọ. Bí ìlù tiwa bá ṣí ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ fún wọn, inú mi ni yóò kọ́kọ́ dùn. Títí ìgbà náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n lu ohun tó gbà wọ́n.

---

Wáyà_àti_Iná kọ:

Ẹ kú àlàyé, mà. Electrical ni mò ń kà ní FUTA, mo fẹ́ fi tèmi kún un ní ti owó.

Àbúrò Ìjàpó, má tíì ra nǹkan kan. Géèmù ọ̀fẹ́ kan wà fún kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní osu!, Dean Herbert ará Australia ló ṣe é, ó jáde lọ́dún 2007. Ọ̀nà ìlù taiko wà nínú rẹ̀, pupa àti búlúù kan náà. Lẹ́tà mẹ́rin lórí kíbọọ̀dù ti tó. Gbé láptọ́ọ̀pù kan sí kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, kí o wo ẹni tó máa dúró tì í.

Bí wọ́n bá dúró, a lè kan ìlù. Àwọn tó fẹ́ràn géèmù yìí lókè òkun ń ṣe é fúnra wọn: sensọ piezo mẹ́rin (ohun kékeré tó ń mọ̀ bí nǹkan bá gbọ̀n), méjì lábẹ́ ojú ìlù, ọ̀tún àti òsì, méjì lábẹ́ etí, kí wáyà wọn wọ inú Arduino Leonardo, ìyẹn pátákó kọ̀ǹpútà kékeré kan. Leonardo ni kí o rà, torí pé kọ̀ǹpútà máa ń gbà á bíi kíbọọ̀dù. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé bí o bá lu ojú ìlù, etí náà á gbọ̀n, géèmù á ka méjì. Nítorí náà, etí àti ojú kò gbọ́dọ̀ fara kan ara wọn. Rọ́bà taya ọkọ̀ ni kí a fi dá wọn sí méjì. Kápẹ́ńtà lè gé pákó rẹ̀, mo lè ṣe wáyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n orí kọ̀ǹpútà ni èyí máa ṣiṣẹ́ o, PS5 kì í gba ohun tí wọn kò fún láṣẹ.

---

Onílù_Arákálẹ̀ kọ:

Mo ti gbọ́, mà. Mi ò tíì gbà tán, ṣùgbọ́n mo gbọ́.

Ẹ̀yin ọmọ FUTA, bí ẹ bá fẹ́ kan ìlù, ẹ má fi ike bo ojú rẹ̀. Mo mọ ẹni tó ń ta awọ ewúrẹ́ tó ti gbẹ dáadáa. Ọ̀pá kò gbọ́dọ̀ wúwo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọrùn ọwọ́ àwọn ọmọ á máa dùn wọ́n.

---

Ọmọ_Ìjàpó kọ:

Ẹ̀gbọ́n mi gbogbo, mo dúpẹ́ gan-an ni. Mo ti gbé osu! sórí láptọ́ọ̀pù mi. Ọmọbìnrin kan tó tẹ̀lé ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ wá lù ú lánàá, ọ̀rẹ́kùnrin ló wá ń dúró dè é.

Ìṣòro kan ló kù. Nígbà tí mo so láptọ́ọ̀pù mọ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá, tí mo so ohùn mọ́ sípíkà Bluetooth, ó dà bíi pé gbogbo ohun tí mo lù ń pẹ́. Mo lù ú sásìkò, ó ní mo pàdánù. Kí ni mo lè ṣe?

---

Ọmọ_Àyàn_Oǹdó kọ:

Yọ Bluetooth yẹn kúrò kíákíá. Ohùn tó bá gba inú afẹ́fẹ́ kọjá báyẹn máa ń pẹ́ kó tó dé, bó ti wù kí sípíkà náà dára tó. Wáyà ni kí o lò, láti láptọ́ọ̀pù tààrà sí sípíkà.

Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ náà ní tirẹ̀, torí pé ó máa ń kọ́kọ́ ṣe àwòrán lóge kó tó gbé e jáde. Wọ inú ìṣètò rẹ̀, wá ibi tí wọ́n kọ Game Mode sí, kí o tàn án. Bó bá ṣì ku díẹ̀, osu! àti Rhythm Festival ní ibi tí wà á ti lè sún àsìkò síwájú tàbí sẹ́yìn. Pa ojú dé, gbọ́ orin, máa lù ú, kí o sún un díẹ̀díẹ̀ títí ọwọ́ àti etí á fi pàdé. Kí o ṣe é lórí tẹlifíṣọ̀n kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí pé wọn kì í dọ́gba.

Ọmọbìnrin yẹn, orin wo ló lù? Sọ fún un pé kó gbìyànjú èyí tó tẹ̀lé e ní ìpele kejì, kó má tíì sá lọ sí òkè.